Ariwo Tí Mo Ní Mo Gbọ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: mo purọ́. Irọ́ náà ò gùn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: "Mo gbọ́ ọ." Ṣùgbọ́n kí irọ́ yẹn tó tán nílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àgbàlagbà kan ṣubú sójú títì, ojú èmi náà sì rí ohun tí mi ò rò pé ó lè rí láyé. Títí dòní, bí mo bá rántí, ara mi á bù máṣọ.

Ó ku díẹ̀ kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun wọlé nígbà náà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkẹ́nnẹ́, lẹ́bàá títì tí àwọn bọ́ọ̀sì Ṣàgámù ń gbà. Iṣẹ́ kọ́ìlì ni mo ń ṣe. Bí fáànù bá jóná, bí ẹ̀rọ ìlọta bá kọ̀ tí kò yí, bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá ń rùn bí nǹkan tó jó mọ́ ìkòkò, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Màá tú wáyà inú rẹ̀ dànù, màá wé tuntun síbẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ náà, mi ò ṣe àsọdùn, mo mọ̀ ọ́n gan-an. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé etí mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́, nítorí mo máa ń gbé ẹnu sukudiráfà lé ara ẹ̀rọ tó ń yí, kí n fi ìdí rẹ̀ ti etí mi, kí n di ojú. Kí n tó la ojú, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Orí mi a sì máa wú bí wọ́n bá dúró tí wọ́n ń wò mí.

Mi ò ní tábìlì. Ilẹ̀ ni mo ń tú ẹrù sí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe fi hàn mí: ohun tó bá kọ́kọ́ jáde, tò ó sílẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e, tò ó tẹ̀lé e, kí o má baà ṣì í dá padà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń tò wọ́n síbẹ̀, tí mo tún ń fi fáìlì ha irin síbẹ̀, tí mo ń fi ayùn irin gé bóòtù síbẹ̀. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ti dúdú kirikiri. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọkùnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ọmọ Simawa, ó jù mí lọ díẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe. A kì í kí ara wa. Ọdún kan àbọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ló sọ lójú oníbàárà mi pé àwa oníkọ́ìlì ò mọ nǹkan kan, pé ṣe là ń tú u wò. Inú bí mi dé góńgó. Mo bú u, ó bú mi, ó parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí n gbọ́, ògiri tó wà láàárín wa ló máa ń bá sọ ọ́. Èmi náà a sì máa dá ògiri lóhùn.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan ni Tíṣà dé.

Tíṣà ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹfà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ọ̀kadà kan ló gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Ṣàgámù ní bí ọdún méjì ṣáájú, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Wọ́n tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ò padà sípò mọ́. Kò lè rìn jìnnà, ó sì ti búra pé òun ò ní gun ọ̀kadà mọ́ títí òun yóò fi kú. Ọ̀kan lára àwọn tó ń pa Sábáàtì mọ́ ni. Ní gbogbo Sátidé, ọkùnrin méjì láti ìjọ rẹ̀ á wá, wọ́n á kì í mọ́ abẹ́ apá, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀, bí wọ́n bá dé ìjọ wọ́n á tún gbé e sọ̀ kalẹ̀, lójú àwọn ọmọ tó ti nà ní pàṣán rí! Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan. Ṣe ló ń wo òkè, tí kò wo ojú ẹnì kankan.

Ọjọ́ Mọ́ńdè yìí, Tíṣà kò wá lórí apá ẹnikẹ́ni. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúró jẹ́ẹ́ lórí pẹ́dà, kò wa kẹ̀kẹ́ rárá, kẹ̀kẹ́ sì ń bọ̀!

Mo dìde. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi káwọ́ lérí. "Yéè! Kí ló ń tì í?" Awakọ̀ kan pa ọkọ̀ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá wò. Gbogbo wa wo abẹ́ kẹ̀kẹ́, kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí táǹkì, kò sí èéfín. Ariwo bọ́ọ̀sì àti ti ẹ̀rọ ìlọta tó wà lódì kejì ò tiẹ̀ jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ó ń dún tàbí kò dún. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ gbà mí, sà, kí lẹ gùn yìí?"

"Ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́," ni Tíṣà wí. Ayọ̀ ò jẹ́ kó pa ẹnu dé. "Bátìrì ló ń lò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn."

Mo wo họ́ọ̀bù náà. Ó tóbi bí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀, sípóòkù yí i ká bí ti kẹ̀kẹ́ gbogbo. Inú ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà? Háà, òyìnbó! Tíṣà tú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ tó so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú rọ́bà táyà, ó fi ti ara rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Irin àárín kẹ̀kẹ́ náà lọ sílẹ̀ bí ti kẹ̀kẹ́ obìnrin, kò nílò kó gbé ẹsẹ̀ sókè.

"Ṣùgbọ́n ó ń dún," ló wí. "Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bí mo bá rọra lọ, yóò rọra dún. Bí mo bá sáré, òun náà á sáré. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ kú sọ́nà. Sábáàtì tó ń bọ̀ yìí, èmi ni màá kọ́ ìjọ lẹ́kọ̀ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ṣubú. Mo fẹ́ dá ara mi gbé débẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mi bí àpò gààrí mọ́."

Ohun tó bá wá nìyẹn.

Mo gbé ìdí kẹ̀kẹ́ lé orí búlọ́ọ̀kù, mo yí ọwọ́ rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo gbé ẹnu sukudiráfà lé họ́ọ̀bù, mo fi ìdí rẹ̀ ti etí, mo di ojú. Àwọn èèyàn pa lọ́lọ́.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Họ́ọ̀bù náà ń kùn wúù, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Mo sún sukudiráfà sí apá kejì, ó ń kùn bákan náà. Mo yí i kó sáré, kò sí kẹ́, kò sí kọ́.

Mo gbọ́ ohùn kan lódì kejì ògiri. "Ògiri, ì bá ṣe èmi ni, màá ní kí Tíṣà fúnra wọn gùn ún lójú mi ná, kí n gbọ́ ọ nígbà tó ń dún."

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Ta ló bi í? Mo la ojú. Tíṣà ń wò mí, obìnrin oníbúrẹ́dì ń wò mí, awakọ̀ ń wò mí.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ni Tíṣà bi mí.

"Mo gbọ́ ọ, sà," ni mo wí. "Béárìn ni."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn o. Àyà mi ò tiẹ̀ já.

Tíṣà fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún mi, ọkọ̀ ló sì ń gbé e lọ sílé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ kejì mo tú họ́ọ̀bù náà. Mo yọ gbogbo bóòtù, mo fi òòlù kan ìdí rẹ̀, ìdérí ṣí. Bí mo ṣe na sukudiráfà sínú rẹ̀ báyìí, nǹkan já a gbà lọ́wọ́ mi! Pà! Mo fò sẹ́yìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé iná tí mo fi ń yọ́ òjé. Èmi tí mo ti tú ẹ̀rọ tí mi ò lè kà mọ́, kò sí èyí tó já irinṣẹ́ gbà lọ́wọ́ mi rí. Ìgbà tí àyà mi rọ̀ ni mo wò ó dáadáa. Àwọn òòfà ni wọ́n tò yí inú rẹ̀ ká, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí eyín. Fáànù ò ní irú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta ò ní irú rẹ̀. Wáyà àti irin nìkan ni mo mọ̀ nínú tiwọn.

Mo fa sukudiráfà jáde, mo sì ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo tò ó sílẹ̀. Ìdérí, ó ṣáájú. Béárìn, ó tẹ̀lé e. Kọ́ìlì, ó tẹ̀lé e. Òrùka òòfà náà, mo dojú rẹ̀ dé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi. Béárìn ò ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀ mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ṣàgámù, mo ra tuntun, mo fi bẹntiróòlù fọ ohun gbogbo, mo fi gíríìsì dúdú kùn ún dáadáa, mo dé e padà. Mò ń súfèé nígbà tí mò ń dè é.

Ní Wẹ́sìdeè Tíṣà wá gbé e. Ó gùn ún lọ sí orígun títì, ó padà wá. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ ni mo ti gbọ́. Ọjọ́ yẹn mo gbọ́ lóòótọ́. Gírrr, gírrr, bí ẹni ń fi iyanrìn fọ ìkòkò.

"Ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀," ni Tíṣà wí, ojú rẹ̀ ti fà ro. "Òmíràn wá kún un."

Inú bí mi. Kì í ṣe sí ara mi, ẹ má dá mi lóhùn. Sí òyìnbó tó ṣe é. Mo ní ẹrù tí wọ́n ti lò sú ni wọ́n kó wá fún wa. Mo ní béárìn Ṣàgámù ayédèrú ni. Mo tiẹ̀ bi Tíṣà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, bóyá wọ́n ń gba inú kòtò. Tíṣà ní òun ò gba inú kòtò. Mo tú u lẹ́ẹ̀kejì ní Tọ́sìdeè, mo tún tò ó sílẹ̀, orí ilẹ̀ kan náà. Mo rí i pé nǹkan dúdú wà lára àwọn òòfà. Mo ní gíríìsì ni. Mo tún fi òmíràn kún un.

Ọjọ́ Fúráídeè, nǹkan bí aago mẹ́ta, Tíṣà jókòó lé e. Ó so ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó kí mi pé mo kú iṣẹ́, ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ rìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà nǹkan kan wí pé kákà! Táyà ẹ̀yìn dúró gbọin, kẹ̀kẹ́ yà sí òsì, sí apá ìbàdí tó kán yẹn gan-an, Tíṣà sì ń lọ sílẹ̀.

Mo fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ kọ̀. Ẹnu ni mo là sílẹ̀. Ẹni tó sáré ni aládùúgbò mi, oníkẹ̀kẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù kejì. Mi ò mọ ibi tó ti yọ. Ó ju kọ́kọ́rọ́ bóòtù dànù, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ, ó fi àyà gba Tíṣà. Àwọn méjèèjì jọ jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀bá títì, kẹ̀kẹ́ sùn lé wọn lẹ́sẹ̀. Tíṣà ò fara pa.

"Ẹ gbà mí o," ni mo ń wí, "ẹ gbà mí o," bí ẹni pé èmi ló ṣubú.

A gbé àga fún Tíṣà, a fún un lómi. Ó ní, "Tú u lójú mi." Mo tú u. Aládùúgbò mi lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Bí ìdérí ṣe ṣí, mo fi àkísà nu gíríìsì kúrò, mo sì rí i. Olúwa mi o! Lẹ́búlẹ́bú irin ló dìde dúró lórí gbogbo òòfà yẹn bí irùngbọ̀n. Ẹ̀já irin kan, tí kò ju èékánná ọmọ tuntun lọ, há sáàárín òòfà àti kọ́ìlì. Irin mi ni. Fáìlì mi ló ha á. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ló ti wá, ọdún mẹ́sàn-án gbáko.

Tíṣà na ọrùn, ó wò ó pẹ́. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo.

"Ní kíláàsì kẹfà," ló wí, "mo gbé òòfà wá sí kíláàsì. Mo da lẹ́búlẹ́bú irin sórí bébà. Ta ló di bébà yẹn mú fún mi?"

Mo rántí. Mo rántí bébà náà, mo rántí bí irin ṣe ń dìde lórí rẹ̀, tí gbogbo kíláàsì ń pariwo. Mo rántí ọwọ́ ta ló dì í mú.

"Èmi ni, sà," ni mo wí.

"Ìwọ ni," ni Tíṣà wí.

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀. Mo mú aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu irin náà, ṣe ló ń sá láti òòfà kan bọ́ sí èkejì. Mo fi èékánná ha á, ó ń padà. Aládùúgbò mi dìde. Ó mú sólúṣọ̀n tó fi ń lẹ táyà wá, ó tẹ́ ẹ sórí páálí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó yí i rogodo bí òkèlè, ó ń fi í tẹ ara òòfà. Irin ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń kúrò. Háà! Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lójoojúmọ́ nìyí.

"Ẹ ṣeun," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ bá a sọ ní ọdún kan àbọ̀ nìyẹn, kò sì gba ara ògiri lọ.

"Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀," ló fi dá mi lóhùn.

A tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, a ò tíì dé ìdajì nígbà tí Tíṣà wo ojú ọ̀run. Oòrùn ti rẹlẹ̀, bó bá sì ti wọ̀, Sábáàtì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí a gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ìjọ tèmi ò sinmi ní Sátidé, kó jẹ́ kí n ṣe é, èmi ló ṣẹ̀. Ó mi orí.

"Ohun ìní mi ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Sábáàtì nítorí mi. Wọn á wá gbé mi lọ́la bí wọ́n ṣe máa ń ṣe." Ó wá wo òkè, bó ṣe máa ń wò ó nígbà tí wọ́n bá gbé e.

Àánú rẹ̀ gún mi láyà. Aládùúgbò mi ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ó gbé táyà ẹ̀yìn kan jáde, táyà kẹ̀kẹ́ lásán, tí kò ní nǹkan kan nínú họ́ọ̀bù rẹ̀. Ó gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Tíṣà, ó dè é, oòrùn ò tíì wọ̀. Ó wá wò mí lójú.

"Kò ní ẹ́ńjìnnì," ló wí. "Ìwọ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́la."

Ní àárọ̀ Sátidé mo wọ aṣọ mímọ́, àwa méjèèjì ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sílé Tíṣà. Tíṣà ronú díẹ̀ bóyá títi kẹ̀kẹ́ jẹ́ iṣẹ́. Ó ní ká máa lọ, pé kíkó ara ẹni lọ sílé Ọlọ́run kì í ṣe iṣẹ́. Ó so ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó jókòó, ó gbé Bíbélì sínú apẹ̀rẹ̀ iwájú, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Mo tì í láti ẹ̀yìn, aládùúgbò mi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń darí. Ó ń lu aago kẹ̀kẹ́ fún àwọn adìyẹ. Àwọn tó rí i kí i, ó sì ń wo ojú wọn, ó ń dá wọn lóhùn.

Ọ̀nà dá. Kò sí bọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ ìlọta ò tíì bẹ̀rẹ̀. A dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, mo tì í kó sáré díẹ̀.

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

Mo rò pé etí mi ni. Mo rọra tì í, ó rọra dún. Mo sáré, ó sáré. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní ẹ́ńjìnnì! Kẹ̀kẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú báàfù ní ṣọ́ọ̀bù mi! Mo dúró gbọin. Mo wolẹ̀. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ Tíṣà ni. Rọ́bà tó fi so ó gùn jù, bí Tíṣà bá ti jókòó, ìdí ọ̀pá náà á yọ̀ sílẹ̀, á máa kan sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá sì ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, òun náà ni yóò kọ́kọ́ tú u láti fi dúró. Ìdí nìyẹn tí kò fi dún fún mi lórí búlọ́ọ̀kù.

Aládùúgbò mi ti rí i. Kò sí ògiri nítòsí, kò sì wá òmíràn.

Tíṣà ò yíjú. "Òun nìyẹn," ló wí. "Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"Ti ọjọ́ Mọ́ńdè ńkọ́?"

Mo lè sọ pé ariwo méjì ni. Ó ti dé ètè mi.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan ní Mọ́ńdè, sà," ni mo wí. "Mo purọ́. Àwọn èèyàn ń wò mí."

Tíṣà ní, "Tún ọ̀pá yẹn dè dáadáa, ká máa lọ. Wọ́n ń retí mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti dè é, rọ́bà ń já bọ́. Aládùúgbò mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó dè é. Mo tún tì í. Kẹ̀kẹ́ ò dún mọ́ títí a fi dé ìjọ. Àwọn ọkùnrin méjì náà ti ń bọ̀ láti wá gbé e. Tíṣà na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró. Ó tú ọ̀pá rẹ̀, ó fi ti ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.